Ẹwìrì Dùùrù

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Bàálẹ̀, l'Óṣogbo,
òjò ti rọ̀, ó ti dá, etí páànù ṣì ń kán tó, tó.
Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣí ìwé orin fún Jọláadé,
torí ojú mi ṣì ríran, ọwọ́ mi kì í sì í gbọ̀n.
Bébà pélébé kan wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jókòó:
Ìrántí Báàkì, ará Jámánì, àgbà olórin,
ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó sùn,
orúkọ bíṣọ́ọ̀bù, orúkọ ẹni tó ra kéèkì,
orúkọ Jọláadé náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ.

Fíkà ka ìtàn ọkùnrin náà sí wa létí:
kó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá àti bàbá ti filẹ̀ bora.
Nígbà tó di géńdé, ó gbọ́ pé àgbà kan ń tẹ dùùrù lókèèrè,
ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, ó tó irinwó kìlómítà.
"Irinwó kẹ̀!" Ìyá Ìràgbìjí kùn lẹ́yìn mi,
"kéèyàn rìn d'Ékòó, kó tún rìn bọ̀, nítorí dùùrù?"
Ogún ọmọ ló bí. Mẹ́wàá ló rí ọjọ́ àgbà.
Níbẹ̀ ni ilé pa rọ́rọ́.
Kò sí ìyá níbẹ̀ tí kò mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Jọláadé bọ́ bàtà, ó gbẹ́sẹ̀ lé igi ìsàlẹ̀.
Ohùn kan jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní í sọ;
èkejì tẹ̀lé e, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lókè,
ẹ̀kẹta gòkè wá láti ìsàlẹ̀
bí ìyá ọkọ tó ti ń gbọ́ wọn láti yàrá.
Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí ojú ewé kẹfà ni,

iná lọ.

Ohùn náà rọ̀, ó wọ́, ó kú.
Jenerétọ̀ gbin lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀.
Ọwọ́ Jọláadé ṣì wà lórí eyín dùùrù, kò gbé e kúrò.

Bàbá Láyíwọlá ló dìde látẹ̀yìn,
ẹni tó da èédú fún reluwé títí ẹ̀rọ elédùú fi dìtàn.
Ó ká apá agbádá lé èjìká, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
ó gba ẹ̀yìn dùùrù wọlé,
níbi tí ọ̀pá ẹwìrì wà láti ìgbà òyìnbó,
tí a máa ń fi búrọ́ọ̀mù kọ́.
Mo gbọ́ igi tó ké. Mo gbọ́ awọ tó mí.
Alángbá kan já jáde láti ẹnu fèrè ńlá.

Mo fẹnu gbá tọ́ọ̀ṣì mú, Jọláadé bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.
Orin náà kò gún mọ́ bíi ti àkọ́kọ́,
ó ń lọ bí ẹni tó ru ìdí igi gòkè,
tó ń dúró mí, tó tún ń lọ.
Èrò kan wá bọ́ sí mi lọ́kàn:
kò síná rárá láyé Báàkì.
Lọ́jọ́ gbogbo tó fi tẹ dùùrù,
apá ẹnìkan ló ń mí fún un lẹ́yìn ògiri.
Alágbẹ̀dẹ là ń kí, ta ní í bèèrè ọmọ tó ń fẹ́ ẹwìrì?
Fíkà ò ka orúkọ onítọ̀hún. Bóyá kò sí nínú ìwé.

Nígbà tó parí, àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́.
Jọláadé nàka sẹ́yìn, ẹnìkankan ò jáde.
Mo bá Bàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbindin.
"Wọ́n ti ṣe é tán?
Ṣé ó dùn? Níbí, igi nìkan ni mò ń gbọ́."

Ìgbà tí a ń jẹ kéèkì niná dé.
Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí lábẹ́ fèrè,
kò sẹ́ni tó jókòó tì í.